Orogún nínú eré-ìje kẹ̀kẹ́ ojú pópó

Orogún nínú eré-ìje kẹ̀kẹ́ ojú pópó ni ìfigagbága ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàrin agunkẹ̀kẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń lépa ipò kan náà lásìkò kan náà, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá dárúkọ ọ̀kan, èkejì á tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà, orogún, bá a mu ju bó ṣe rí lójú lọ. Púpọ̀ nínú ìjà tó le jù nínú eré yìí, abẹ́ òrùlé kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀: ikọ̀ kan, ọ̀gá kan, ẹni kan náà ló sì ń san owó oṣù àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ìfigagbága kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn eré náà, nítorí ìwé ìròyìn ló dá àwọn eré ńlá ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀. L'Auto ló dá Tour de France sílẹ̀ lọ́dún 1903, La Gazzetta dello Sport dá Giro d'Italia sílẹ̀ lọ́dún 1909, Informaciones sì dá Vuelta a España sílẹ̀ lọ́dún 1935. Ọjà ni wọ́n ń wá. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, àkókò tí agunkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lò lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ń gba eré. Àwọ̀ ìyeyè tó wà lára jẹ́sì ẹni tó ń léwájú nínú Tour, àwọ̀ bébà L'Auto ni. Píǹkì ti Giro náà, àwọ̀ bébà Gazzetta ni. Àwọn akọ̀ròyìn sì tètè rí i pé bí ẹnì kan bá ń dá borí lójoojúmọ́, ìwé kì í tà tó ìgbà tí ẹni méjì bá ń wọ̀yá ìjà.

Atẹ́gùn àti ikọ̀

Ohun méjì ló mú kí orogún inú eré kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀ṣẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù. Èkíní ni atẹ́gùn. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹni iwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn. Ẹni tó lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, tí táyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Nítorí náà, bí àwọn orogún méjì bá já àwọn yòókù sílẹ̀, àfi kí wọ́n máa gba iwájú fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbo ẹ̀yìn á lé wọn bá. Ẹni tí o fẹ́ fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ni o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bò lọ́wọ́ atẹ́gùn. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò gba iwájú, tó wá yọ síta nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, lè gba ife-ẹ̀yẹ, àmọ́ wọn kì í gbàgbé rẹ̀ fún un.

Èkejì ni ikọ̀. Agunkẹ̀kẹ́ mẹ́jọ ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó wá sí Tour lóde òní, ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n sì máa ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn yòókù á lọ gba ike omi fún un nínú ọkọ̀, wọ́n á gba atẹ́gùn fún un, wọ́n á tú táyà tiwọn fún un bí tirẹ̀ bá jò. Ètò náà dára bí ọ̀gá bá jẹ́ ọ̀kan. Bó bá di méjì, àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Coppi àti Bartali

Nínú gbogbo orogún inú eré náà, kò sí èyí tó pín orílẹ̀-èdè níyà tó ti Gino Bartali àti Fausto Coppi ní Ítálì. Bartali ni àgbà. Ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní Ponte a Ema lẹ́bàá Florence, ó sì ti gba Giro lẹ́ẹ̀mejì àti Tour kan kí ikọ̀ Legnano tó mú ọmọ ogún ọdún kan, Coppi, wá pé kó máa ràn án lọ́wọ́ nínú Giro 1940. Bartali ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọmọ tí wọ́n ní kó wá bá a gbé omi ló sì gba Giro. Ọjọ́ kejì tí eré parí ni Ítálì wọ ogun. Nígbà tí ogun tán, Bartali fi ìṣẹ́jú-àáyá 47 borí Coppi nínú Giro 1946. Coppi gba ti 1947.

Àwọn ará ìlú sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Bartali jẹ́ ẹlẹ́sìn Kátólíìkì paraku, àwọn ẹlẹ́sìn àti àwọn àgbà sì sọ ọ́ di tiwọn. Coppi ní tirẹ̀ fi ìyàwó sílẹ̀ fún obìnrin kan tó wà nílé ọkọ, nígbà tí ìyẹn ṣì ń gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ ní Ítálì, ó sì di ẹni àwọn tí ayé àtijọ́ ti sú. Àwọn méjèèjì fúnra wọn kò kórìíra ara wọn tó bí àwọn alátìlẹ́yìn wọn ṣe ṣe. Àmọ́ nínú ìdíje àgbáyé ti 1948 ní Valkenburg, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbéra. Àwọn mìíràn sá lọ, Coppi àti Bartali sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láìparí eré, àjọ eré kẹ̀kẹ́ Ítálì sì dá wọn dúró fúngbà díẹ̀.

Ọdún 1949 ló tú àṣírí ẹni tó lágbára jù. Nínú Giro ọdún náà, ní ọ̀nà Cuneo sí Pinerolo tó gba orí òkè ńlá márùn-ún kọjá, Coppi dá wà fún kìlómítà 192. Bartali ló ṣe ipò kejì, ìṣẹ́jú 11 àti àáyá 52 ló sì wà láàrin wọn. Kò pẹ́ tí Alfredo Binda, tó darí ikọ̀ Ítálì nínú Tour, fi ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti jọ sá fún orílẹ̀-èdè kan náà. Coppi gba Tour yẹn pẹ̀lú, òun ló sì kọ́kọ́ gba Giro àti Tour nínú ọdún kan.

Àwòrán kan tí wọ́n yà nínú Tour 1952 ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà lára ìgò omi kan bí wọ́n ṣe ń gun òkè lọ. Ta ló fún ta? Àwọn ti Coppi ní Coppi ló fún un. Àwọn ti Bartali ní irọ́ ni. Ohun tí àwòrán náà fi hàn gan-an, bí a bá yọ ti ìjà kúrò, ni pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn méjèèjì.

Coppi kú ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1960, lẹ́ni ogójì ọdún. Ibà ẹ̀fọn tó kó nígbà tó lọ sí Upper Volta, tó di Burkina Faso lónìí, ló pa á, àwọn dókítà Ítálì kò sì tètè mọ ohun tó ń ṣe é. Bartali pẹ́ láyé títí di ọdún 2000. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé nígbà ogun, ó máa ń fi ìwé sínú irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó ń gbé e kiri láti gba ẹ̀mí àwọn Júù là. Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa nígbà ogun náà, bu ọlá fún un lọ́dún 2013.

Ẹni tí kò wọ jẹ́sì rí

Jacques Anquetil ló kọ́kọ́ gba Tour lẹ́ẹ̀marùn-ún (1957, àti 1961 títí dé 1964). Raymond Poulidor, ọmọ àgbẹ̀, sá Tour mẹ́rìnlá, ó ṣe ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta àti ipò kẹta lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sì fi jẹ́sì aláwọ̀ ìyeyè kan ara fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, Poulidor ni àwọn ará Faransé fẹ́ràn. Wọ́n máa ń hó lé Anquetil lórí, wọ́n á sì máa pe èkejì ní Poupou bí ẹni ń pe ọmọ ilé. Ohun tó fa èyí kò ṣòro láti rí. Anquetil mọ ìṣirò: á fi agbára rẹ̀ lé aago lọ́jọ́ tí olúkúlùkù ń dá sá, á sì dì mọ́ ẹ̀yìn àwọn yòókù lórí òkè. Ó ń borí láìjẹ́ kí àwọn èèyàn rí ìrora rẹ̀, ìrora sì ni wọ́n wá wò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 1964, lórí Puy de Dôme, wọ́n rí i. Àwọn méjèèjì gun òkè náà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìgbọ̀nwọ́ ń kan ìgbọ̀nwọ́, Anquetil níhà ògiri òkè, Poulidor níta, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì. Nígbà tó ku díẹ̀, Poulidor já a sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 42 ló rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. 14 ló ṣẹ́kù fún Anquetil, ó sì tó o láti mú jẹ́sì dání dé Paris. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé kò sí èyí tó borí lọ́jọ́ náà nínú wọn: Julio Jiménez ará Spéènì ti dókè níwájú wọn.

Poulidor kú lóṣù kọkànlá 2019. Lóṣù kẹfà 2021, ọmọ ọmọ rẹ̀, Mathieu van der Poel, borí ní Mûr-de-Bretagne, ó sì wọ jẹ́sì náà. Ó sunkún. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi wọ̀ ọ́.

Eddy Merckx kò ní orogún tó pẹ́, nítorí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà 525 ni wọ́n kà pé ó borí láyé rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni Luis Ocaña, tó gba ìṣẹ́jú tó ju mẹ́jọ lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà Orcières-Merlette lọ́dún 1971. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, òjò ńlá rọ̀ lórí Col de Menté, Ocaña ṣubú, eré sì parí fún un. Lọ́jọ́ kejì, Merckx kọ̀ láti wọ jẹ́sì tí ìṣubú ẹlòmíràn fún un.

Abẹ́ òrùlé kan náà

Bernard Hinault àti Greg LeMond jọ wà nínú ikọ̀ La Vie Claire. Nínú Tour 1985, Hinault ṣubú, imú rẹ̀ sì fọ́. Lọ́nà Luz Ardiden, LeMond wà níwájú pẹ̀lú ara tó le, àmọ́ àwọn tó ń darí ikọ̀ ní kó má sá. Ó gbọ́ràn, Hinault sì gba Tour karùn-ún. Ìlérí tẹ̀ lé e: lọ́dún tó ń bọ̀, LeMond ni a máa ṣiṣẹ́ fún.

Ọdún tó ń bọ̀ dé. Kí wọ́n tó jìnnà nínú òkè Pyrenees, Hinault ti sá lọ, ó gbé jẹ́sì wọ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú tó ju márùn-ún lọ ju LeMond. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní àwọn alátakò LeMond lòun ń dá lágara. Bóyá òótọ́ ni, bóyá kì í ṣe òótọ́, lọ́jọ́ kejì ó tún sá, ara rẹ̀ kọ̀ fún un lọ́nà Superbagnères, LeMond sì borí. Orí Col du Granon ni LeMond ti wá gba jẹ́sì. Ní Alpe d'Huez, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì jọ kọjá ìlà pẹ̀lú ẹ̀rín, Hinault níwájú díẹ̀. LeMond fi ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 10 gba Tour náà, òun sì ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn tó rò pé ẹ̀rín yẹn dénú kò pọ̀.

Nínú Giro 1987, Stephen Roche ará Írẹ́láńdì sá mọ́ Roberto Visentini ará Ítálì, ọmọ ikọ̀ rẹ̀, nígbà tí jẹ́sì píǹkì wà lọ́rùn ìyẹn. Eddy Schepers nìkan ló dúró ti Roche nínú ikọ̀, àwọn ará Ítálì sì ń tu itọ́ sí i lára lójú ọ̀nà. Roche gba Giro, ó gba Tour, ó tún gba ìdíje àgbáyé lọ́dún yẹn.

LeMond padà wá lẹ́yìn tí ìbọn ọdẹ bà á lọ́dún 1987. Lọ́jọ́ ìkẹyìn Tour 1989, àáyá 50 ni Laurent Fignon fi ṣíwájú rẹ̀, kìlómítà 24.5 péré ló sì kù, láti Versailles sí Paris. LeMond dé akoto olórí ṣóńṣó, ó na apá sórí irin gígùn tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀; Fignon kò dé nǹkan kan, irun rẹ̀ tó dì sẹ́yìn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. LeMond fi àáyá 8 gba Tour.

Lẹ́yìn náà

Ìfigagbága Lance Armstrong àti Jan Ullrich kò ṣeé kà bíi ti àwọn ìyókù mọ́, nítorí oògùn amárale. Ipò méje tí Armstrong gbà láti 1999 dé 2005 ni wọ́n gbà padà lọ́dún 2012, Ullrich náà sì jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn. Lọ́dún 2010, ṣéènì kẹ̀kẹ́ Andy Schleck yọ lórí Port de Balès nígbà tó wọ jẹ́sì aláwọ̀ ìyeyè. Alberto Contador kò dúró, ó jèrè àáyá 39, àáyá 39 yẹn náà ló sì wà láàrin wọn ní Paris. Wọ́n gba ife náà lọ́wọ́ Contador lọ́dún 2012 nítorí clenbuterol, oògùn tí wọ́n fòfin dè, wọ́n sì fún Schleck.

Ti Tadej Pogačar ará Sloféníà àti Jonas Vingegaard ará Dẹ́nmákì ló gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ eré kan láti 2021. Lọ́dún 2022, Primož Roglič, tí Pogačar ti gba Tour mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ku ọjọ́ kan lọ́dún 2020, fi ara rẹ̀ jìn fún Vingegaard tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ kan: wọ́n ń sá mọ́ Pogačar lọ́kọ̀ọ̀kan lórí Galibier títí ara rẹ̀ fi tán lórí Granon, òkè tí LeMond ti gba jẹ́sì lọ́dún 1986. Bí ọjọ́ díẹ̀ ṣe kọjá, Pogačar ṣubú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti Col de Spandelles. Vingegaard dẹwọ́, ó dúró dè é. Bí Pogačar ṣe bá a, ó na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ìrìn. Vingegaard gba 2022 àti 2023, Pogačar gba 2024 àti 2025.

Láàrin àwọn obìnrin, Maria Canins ará Ítálì gba Tour ti 1985 àti 1986 kí Jeannie Longo tó gba mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé kan náà jù ni ti 2024. Demi Vollering wà nínú jẹ́sì aláwọ̀ ìyeyè nígbà tó ṣubú nítòsí Amnéville, lọ́jọ́ karùn-ún. Ọmọ ikọ̀ rẹ̀, Blanka Vas, borí níwájú, Vollering sì dá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú ìbàdí tó bó. Jẹ́sì bọ́ sọ́wọ́ Katarzyna Niewiadoma ará Pólàǹdì. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, Vollering dé orí Alpe d'Huez ṣíwájú gbogbo wọn, ó sì dúró, ó ń wo aago. Niewiadoma fi àáyá 4 gba Tour. Nígbà tí sáà parí, Vollering kó lọ sí ikọ̀ FDJ-Suez.