Grand slam nínú bíríìjì: ìpè 7, ìkó 13

Ẹni tó bá mọ whot ta dáadáa mọ bí a ṣe ń fojú inú wo káàdì ọwọ́ ẹlòmíì. Bíríìjì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ẹ sọ iye tí ẹ máa kó jáde lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó ju káàdì kan sílẹ̀. Ìlérí tó ga jù tí ẹnu lè ṣe nínú eré náà ni wọ́n ń pè ní grand slam.

Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì dojú kọ méjì, ẹni tó jókòó sí iwájú ẹni sì ni ẹnìkejì ẹni. Káàdì 52, kálukú gba 13. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ lágbára jù ló kó o: ìkó kan nìyẹn, 13 sì ni gbogbo ìkó tó wà. Kí títa tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa pe iye lé ara wọn lórí, bí ẹni ń du ọjà. Mẹ́fà wà lábẹ́ gbogbo ìpè, nítorí náà ẹni tó pe 1 ṣèlérí ìkó 7, ẹni tó pe 6 ṣèlérí 12, èyí ni small slam. Ẹni tó pe 7 ní òun ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún alátakò. Ìpè náà tún máa ń yan tírọ́ńpù, ìyẹn oríṣi káàdì tó lè pa oríṣi yòókù, àfi bí wọ́n bá pè é láìsí tírọ́ńpù.

Nínú bíríìjì àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní auction, ẹni tó bá ṣèèṣì kó 13 gba ẹ̀bùn rẹ̀, ì báà pè é, ì báà má pè é. Harold Vanderbilt ará Amẹ́ríkà ló tún ìṣirò náà tò nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1925. Láti ìgbà náà, ohun tí ẹ kò bá pè, ẹ kò ní gba ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹ̀bùn small slam jẹ́ 500, ti grand slam 1000. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí òfin ti mú èrè àti ìyà wúwo sí i, wọ́n á di 750 àti 1500.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé ìgboyà ló kù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká mú sípéèdì ní tírọ́ńpù, nígbà tí ìyà kò tíì wúwo. Ẹ pe 6, ẹ wá kó 13: póìǹtì 1010. Ká ní 7 lẹ ti pè ni, 1510 ni ì bá jẹ́, èrè 500 lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkó 12 péré bá wọlé, ẹni tó pe 6 gba 980, ẹni tó pe 7 sì san 50 fún alátakò. 1030 ló já sódò. Ẹ fi 500 wé 1030, ẹ ó rí i pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìpè 7 gbọ́dọ̀ yọrí ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ lé e kó tó ṣàǹfààní. Bí gbogbo rẹ̀ bá dá lórí bóyá ọba kan wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, 50 nínú 100 nìyẹn: ẹ dúró sí 6. Bí ó bá dá lórí kí káàdì márùn-ún tó wà lọ́wọ́ àwọn alátakò pín sí 3 àti 2, 68 ni. Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ni.

Wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó ka máàkì: éèsì 4, ọba 3, ayaba 2, jáàkì 1, àpapọ̀ rẹ̀ 40. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní 37, kò sí bí éèsì kan ṣe lè wà lọ́hùn-ún, ẹ lè pe 7. Òfin náà dára fún ìpè láìsí tírọ́ńpù. Bí oríṣi gígùn bá wà ńlẹ̀, ìyẹn káàdì púpọ̀ nínú oríṣi kan ṣoṣo, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní àgbàlá kan ní Òkè-Fìà, níhìn-ín ní Òṣogbo, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì mélòó kan ti máa ń ta káàdì ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá kan pe 7 sípéèdì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́yìn wọn ka káàdì ọwọ́ méjèèjì nígbà tí eré parí, ó ní, "Bàbá, máàkì 31 péré lẹ ní, ẹ wá ń pe 7?"

"Ṣé máàkì la fi ń kó káàdì ni?"

Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn rèé. Sípéèdì: éèsì, ọba, ayaba, jáàkì, 10, 5. Háàtì: éèsì, 8. Dáyámọ́ńdì: 6, 3. Kúlọ́ọ̀bù: éèsì, 7, 4. Ẹnìkejì wọn ní sípéèdì 9 àti 2, háàtì ọba àti 5, dáyámọ́ńdì mẹ́fà (éèsì, ọba, 8, 7, 4, 2), àti kúlọ́ọ̀bù ọba, 8, 5.

Bàbá pe 1 sípéèdì, ẹnìkejì ní 2 dáyámọ́ńdì. Wọ́n fo sí 3 sípéèdì láti fi hàn pé ọwọ́ àwọn le, ìyẹn gbé e dé 4. Bàbá wá pe 4 láìsí tírọ́ńpù. Ìbéèrè ni ìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ láti ta á bẹ́ẹ̀. Easley Blackwood, ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀: éèsì mélòó lo ní? Èsì 5 dáyámọ́ńdì túmọ̀ sí ẹyọ kan. 5 láìsí tírọ́ńpù ń béèrè ọba, èsì 6 sípéèdì sì ní mẹ́ta. Bàbá di gbogbo éèsì àti gbogbo ọba mọ́ra láìrí káàdì ẹnìkejì. Wọ́n kà á: sípéèdì mẹ́fà, háàtì méjì, dáyámọ́ńdì méjì, kúlọ́ọ̀bù méjì. 12. Dáyámọ́ńdì gígùn tí ẹnìkejì ti dárúkọ ni yóò mú ìkẹtàlá wá. Wọ́n pe 7.

Alátakò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ayaba háàtì. Ẹnìkejì tẹ́ káàdì rẹ̀ sórí tábìlì kí Bàbá máa ta ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ tó bá sì kó ìkó kan ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Bàbá kò fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ọba háàtì wà lórí tábìlì, éèsì wà lọ́wọ́. Èwo ni kí wọ́n fi kó o? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ju ọba sílẹ̀ láìronú. Éèsì ni Bàbá lò, gbogbo eré náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n gba tírọ́ńpù tán lọ́wọ́ alátakò, wọ́n ta éèsì àti ọba dáyámọ́ńdì, wọ́n sì fi sípéèdì pa ẹ̀kẹta. Bí márùn-ún ti òdìkejì bá pín sí 3 àti 2, dáyámọ́ńdì tó kù ti di olówó, kò sí èyí tó lè borí wọn mọ́ nínú oríṣi náà. Ọjọ́ yẹn, 4 àti 1 ló pín, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bíi 28 nínú 100. Wọ́n gba ọba kúlọ́ọ̀bù padà sí tábìlì, wọ́n pa ẹ̀kẹrin, wọ́n sì tún ní láti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti lọ kó méjì tó kù. Ọba háàtì tí wọ́n fi pamọ́ ni ọ̀nà. Ká ní wọ́n ti ná an ní ìkó àkọ́kọ́, dáyámọ́ńdì olówó méjì á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

68 àti 28, 96 nìyẹn. Ó ku 4, nígbà tí márààrún bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Alátakò tí kò ní dáyámọ́ńdì rárá lè lo ohun tí Theodore Lightner kọ́ àwọn oníbíríìjì: kó pe ìlọ́po méjì sórí slam, kí ẹnìkejì rẹ̀ tó máa kọ́kọ́ ju káàdì lè mọ̀ pé kó má ju èyí tó bá a lára mu, kó wá èyí tí kò dájú lọ. Ó ju dáyámọ́ńdì, ẹnìkejì rẹ̀ fi sípéèdì kékeré pa á, Bàbá á sì san 100 dípò 50.