Ṣé owó nìkan ló ń lé nọ́ọ̀sì kúrò ní wọ́ọ̀dù?

Bí nọ́ọ̀sì bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé owó ló wá lọ, ó ti jápa. Ní ti èébú tí ọ̀gá, dókítà àti ẹbí aláìsàn ń bú wọn, wọ́n á ní ara iṣẹ́ ni. Ẹni tí kò bá lè gbà á mọ́ra, kó lọ máa ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà.

Owó ń lé wọn lóòótọ́, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kì í sábà dárúkọ èébú, torí ọ̀gá tó ń búni lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ lẹ́tà ẹ̀rí fúnni lọ́la. Kí wọ́n tó kọ̀wé náà rárá, wọ́n á ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé àwọn lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, wọ́n á sì ti dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló léwu jù. Aago méjì òru, dókítà kọ potassium chloride (oògùn oníyọ̀ tí wọ́n ń fà sí iṣan), kò kọ iye omi tí wọ́n á pò ó mọ́ tàbí wákàtí tí yóò fi wọlé. Bí wọ́n bá fi síríńjì gún un sí iṣan láìpò ó, ó lè dá ọkàn dúró. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì pe dókítà náà láti bi í. Ẹni tí wọ́n fi “Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́?” dá lóhùn lánàá níwájú aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ á lọ́ra lórí fóònù.

Ní 2015, wọ́n dán ohun tí ọ̀rọ̀ àbùkù ń ṣe síṣẹ́ wò ní Ísírẹ́lì pẹ̀lú ikọ̀ 24 tó ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé (ọmọ àfarawé ni o). Àwọn tí àlejò kan sọ̀rọ̀ àbùkù sí ṣe dáadáa kéré sí àwọn yòókù, nínú mímọ àìsàn àti nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò sẹ́ni tó na ẹnikẹ́ni.

Èébú ti ẹbí aláìsàn sábà máa ń ti inú owó oògùn tàbí ìdúró pípẹ́ wá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ohun tí ẹ ń dúró dè fún wọn àti ìgbà tí ẹ máa padà wá bá wọn. Kí ẹ sì padà wá lóòótọ́, kódà bí kò bá sí ìròyìn tuntun.

“Ó bú mi” kò tó fún ẹjọ́. Kí ṣíìfù tó parí, ẹ kọ ọjọ́, aago, wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu, ẹni tó gbọ́ ọ, àti iṣẹ́ tó dá dúró nítorí rẹ̀. Ẹ̀dà kan fún mátírónì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022, ka ìwà tó ń pa ọkàn òṣìṣẹ́ lára mọ́ ìwà ipá.

Ẹ̀yin mátírónì, ẹ yẹ àwọn ìwé tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìgbésípò wò. Bí mẹ́ta bá ti wá láti wọ́ọ̀dù kan náà, ẹ lọ jókòó níbẹ̀ nígbà tí àwọn dókítà bá ń yípo àwọn aláìsàn.