Ground kì í ṣe ohun tí à ń fi dí àlàfo orí bọ́ọ̀dù

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Odógunyán gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú, ó ní kí n bá òun wo bọ́ọ̀dù sólà tí òun ń yà, ìyẹn pátákó tí à ń to èròjà iná lé, tí ìlà bàbà so wọ́n pọ̀. Ó ti fa gbogbo ìlà tán nínú KiCad, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi ya bọ́ọ̀dù. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Mo bi í pé ground ńkọ́, ìyẹn bàbà tí a so ẹsẹ̀ òdì gbogbo èròjà mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le. Mo máa tẹ B báyìí, KiCad á fi bàbà kún gbogbo àyè tó ṣẹ́kù."

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ fún ọdún púpọ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ní gbogbo ẹsẹ̀ GND (ìyẹn ground) so pọ̀, iná á mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Gbòǹgbò àṣìṣe yìí ni pé a máa ń rò pé ground ni ibi tí iná ń dà sí tó sì parí síbẹ̀, bí omi ìdọ̀tí ṣe ń wọ gọ́tà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ so ó mọ́ irin tí oníwáyà máa ń rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ní ground nínú, kò sì sí irin kankan tó so ó mọ́ ilẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: iná tó jáde láti inú bátìrì gbọ́dọ̀ padà sínú bátìrì yẹn, èyí tó jáde láti ẹsẹ̀ áísì kan, èròjà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, gbọ́dọ̀ padà sí áísì yẹn. Ground ni ọ̀nà àbọ̀.

Báwo wá ni iná ṣe ń yan ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀? Ẹ fojú inú wo ìlà kan tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U lórí bọ́ọ̀dù tí bàbà ground kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí orí ìlà náà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Bí ẹ bá fi iná bátìrì sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń padà á gé e kúrú láàrin orí méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ìdènà ti kéré jù. Bí ẹ bá fi signal, ìyẹn iná tó ń gbé ìròyìn, tó ń yí padà ní mílíọ̀nù ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan sí i, á fi ọ̀nà kúkúrú sílẹ̀, á yí po bí U náà ṣe yí po, lábẹ́ ìlà náà gan-an. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló fà á. Bí àyè tó wà láàrin àlọ àti àbọ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára yẹn ṣe ń bá iná tó ń yára yí padà jà tó. Ibi tí méjèèjì bá ti fara mọ́ra ni ìjà ti kéré jù.

Ẹ má sì sọ pé bọ́ọ̀dù tiyín kò yára. Bí signal ṣe ń yára gbéra láti 0 dé 5 volt ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye ìgbà tó ń ṣe é. Áísì tó bá gbéra láàrin nanosecond 5 ti gbé ohun tó dé nǹkan bíi megahertz 70 sórí ìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣe é lójúmọ́.

Ẹ wo àwa ará Ìkòròdú tí à ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Orí afárá Májídùn la ń gbà lọ sí Mile 12 láàárọ̀, ibẹ̀ náà la ń gbà bọ̀. Bí wọ́n bá dí afárá yẹn nírọ̀lẹ́, a ò ní torí ẹ̀ sùn sí Mile 12. A ó gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, a ó yí já sí Ṣágámù, ká tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìkòròdú. A ó délé, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe rìn tó. Ohun tí ẹ ṣe fún iná nìyẹn bí ẹ bá fi ìlà kan la ground sí méjì. Àlọ àti àbọ̀ á wá di òrùka ńlá kan, tó ń tú ariwo sáfẹ́fẹ́ bí ẹ̀rìyà rédíò, tó sì ń gba ariwo wọlé.

Ọjà ni mo ti rí i. Mo ya bọ́ọ̀dù kan fún ìyá kan tó ń ta ẹja dídì, pé kó máa ṣàkóso sólà àti bátìrì fíríìsà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fíríìsà bá ti gbéra, bọ́ọ̀dù á kú, á tún ara rẹ̀ tan. Mo pààrọ̀ kàpásítọ̀ (èròjà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀), mo pààrọ̀ áísì, mo tún ètò inú rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹja ìyá yẹn yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì san owó rẹ̀. Nígbà tó yá ni mo dojú bọ́ọ̀dù náà dé, mo fi tọ́ọ̀ṣì tan ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tó ń lọ sí iná kékeré aláwọ̀ ewé, èyí tó ń fi hàn pé bátìrì ti kún, ló sá láti ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó la ground sí méjì, ó ku bí ìka kan péré létí. Orí àlàfo yẹn gan-an ni ìlà tó ń tan MOSFET, èròjà tó ń tan iná ńlá tó sì ń pa á, gbà kọjá. Mo jó wáyà kúkúrú kan lé àlàfo náà, lábẹ́ ìlà MOSFET, bọ́ọ̀dù náà kò sì kú mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Iná kékeré aláwọ̀ ewé!

Ìgbàgbọ́ mìíràn tó máa ń bá a rìn ni pé folti gbogbo ibi lórí ground jẹ́ 0. Bàbà tó wọ́pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù nípọn ní micrometer 35. Bí ẹ bá gé e ní onígun mẹ́rin ọgbọọgba, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, ìdènà rẹ̀ láti etí kan dé èkejì á tó ìdajì milliohm. Bí ampere 20 bá gba inú mẹ́ta irú rẹ̀ tó tò tẹ̀ léra kọjá, millivolt 30 ti dúró láàrin ibì kan àti ibòmíràn lórí ground kan ṣoṣo. Microcontroller, áísì tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀dù, tó bá ń fi bit 10 (ìṣísẹ̀ 1,024) wọn 5 volt ń ka ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní bíi millivolt 5, ó ti ṣi ìṣísẹ̀ mẹ́fà kà nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kó ẹnu wáyà bátìrì àti àwọn MOSFET sí igun kan, kí iná ńlá má fi abẹ́ áísì tó ń wọn nǹkan ṣe ọ̀nà.

Ní ti power plane, ìyẹn ìpele bàbà tó gbé iná bí ground ṣe ní tirẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí bọ́ọ̀dù tó ní ìpele bàbà mẹ́rin máa ń rò pé níwọ̀n bí ìpele ground àti ìpele iná ti dojú kọra, wọ́n ti di kàpásítọ̀, kò sí ìdí láti ra òmíràn. Òótọ́ ni pé wọ́n di kàpásítọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi milimita 1 jìnnà síra, bíi picofarad 4 péré ni centimeter kan níbùú lóròó ń mú wá. Bọ́ọ̀dù centimeter 10 sí 10 kò tó 400. Ẹyọ kàpásítọ̀ nanofarad 100 tí à ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 250. Bó bá sì jẹ́ ìpele méjì péré lẹ ní, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ground nìkan, kí iná gba ìlà tó nípọn lókè.

Ẹ óò gbọ́ pé kí ẹ pín ground sí ti analog (iná tó ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí à ń wọ̀n) àti ti digital (iná títàn àti pípa nìkan). Lórí irú bọ́ọ̀dù tí à ń yà, ẹ má pín in. Ẹ fi àwọn èròjà tó ń pariwo sí apá kan, àwọn tó ń wọn nǹkan sí apá kejì, kí ground kan wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ibi méjì ni mo ti ń gé bàbà kúrò: abẹ́ ẹ̀rìyà Wi-Fi ESP32 (microcontroller tó ní Wi-Fi nínú), àti ààlà tó wà láàrin iná NẸ́PÀ 230 volt àti apá tí ọwọ́ ènìyàn lè kàn. Ti NẸ́PÀ yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, n kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀.

Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pa gbogbo ìlà rẹ̀ rẹ́. Kò dùn mọ́ ọn. A fi bàbà kún ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù náà kí a tó fa ìlà kan ṣoṣo, a wá to èròjà, a sì gbé ìlà gba òkè. Èyí tó bá pọn dandan kó gba abẹ́ ẹlòmíràn kọjá, a jẹ́ kó wọlẹ̀ kó sì tètè jáde láàrin milimita díẹ̀. Nígbà tó fà á tán, mo ní kó pa gbogbo ìpele yòókù lójú kọ̀ǹpútà, kó ku ẹ̀yìn nìkan, kó wá máa fi ìka tọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan gbà lókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìka rẹ̀ já sínú àlàfo. Ó ti tún ọ̀kan ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gbé èkejì lọ sílé.