Irú ATV eléré tó lè gun òkè dáadáa, àti bí wọ́n ṣe ń yàn án

ATV ni ọkọ̀ kékeré onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà. Èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú igbó yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko o, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á rí táyà mẹ́rin, wọ́n á rí hándù bíi ti ọ̀kadà, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó wà fún iṣẹ́ máa ń ní káríà níwájú àti lẹ́yìn, ó wúwo, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sábà máa ń lè fà. Èyí tó wà fún eré ò ní káríà kankan, ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣéènì ló sì fi ń yí i, klọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ òsì, gíà wà lẹ́sẹ̀ òsì, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Ìjókòó ẹ̀ tó gùn yẹn kì í ṣe fún èrò o. Àyè tí ẹni tó ń gùn ún á fi máa sún síwájú sún sẹ́yìn ni, ó sì yẹ ká tètè sọ ọ́, torí nílùú bíi Òṣogbo tí ọ̀kadà ti ń gbé èèyàn méjì lójoojúmọ́, ojú ẹni tí wọ́n máa gbé ni wọ́n fi máa wo àyè yẹn, tẹ́nì kan bá sì jókòó síbẹ̀ lórí òkè, ìwúwo ẹ̀ ló máa fa iwájú ATV sókè.

Iná ẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń mú un sáré, náà yàtọ̀. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tì í, wọn kì í lọ́ ọ. Ẹni tó ti gun Bajaj tàbí TVS fún ọdún pípẹ́ máa nílò kó fi sùúrù kọ́ ọ níbi tó tẹ́jú kó tó gbé e dójú òkè.

Ní ti òkè fúnra ẹ̀, àárín ìgboro Òṣogbo ò fi bẹ́ẹ̀ ga, àmọ́ tí wọ́n bá gba ọ̀nà Ìkìrun tí wọ́n yà sí Ìrágbìjí, àpáta ló yí ìlú yẹn ká, tí wọ́n bá sì gba ọ̀nà Iléṣà lọ sápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè lórí òkè ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Yangí wà tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lójú, àpáta dídán wà, gbòǹgbò igi ń yọ sójú ọ̀nà oko, tójò bá sì rọ̀, ilẹ̀ pupa yẹn á máa yọ̀ bọ̀rọ́ débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an á ṣubú. Irú ilẹ̀ yìí ló yẹ kó pinnu irú ATV téèyàn máa rà, kì í ṣe fídíò àwọn tó ń sáré lórí yanrìn aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni cc, ìyẹn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Cc ṣe pàtàkì, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń gun òkè. Ohun tó ń gun òkè ni agbára tí ẹ́ńjìnnì ní nígbà tí ò tíì ké púpọ̀, ìyẹn nígbà tí táyà ń rọra yí láàárín òkúta, tí gíà wà ní one tàbí two, téèyàn ò sì ráyè sáré wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo méjì tí Yamaha ṣe. Raptor 700R jáde ní 2006, cc 686, písítìnnì ńlá kan ṣoṣo. YFZ450R jẹ́ cc 449, òun náà písítìnnì kan, ọdún 2009 ni wọ́n gbé e jáde, eré orí pápá tí wọ́n ti ń fò ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sórí pápá, 450 yẹn á máa fò, á máa yí kọ́nà, ó fúyẹ́ ju ìkejì lọ, kìlógíráàmù 184 tòun 192 tí epo bá wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n agbára 450 yẹn, ó dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké gan-an kó tó jáde, nígbà tó bá sì jáde ó máa ń yọ lójijì. Lójú òkè tó ní òkúta, ìyẹn túmọ̀ sí pé tí wọ́n bá rọra fún un níná, ó fẹ́ kú, tí wọ́n bá fún un púpọ̀, táyà á máa yí lórí kan náà, á máa gbẹ́ ilẹ̀. Raptor ò nílò gbogbo wàhálà yẹn, ó ń fà látìsàlẹ̀ wá, wọ́n lè fi gíà two gun ibi tí ẹni tó gun 450 á ti máa wá gíà one kiri.

Torí náà tó bá jẹ́ pé òkè àti ọ̀nà igbó ni eré tí wọ́n fẹ́, tí owó sì wà, tẹ́ni náà sì ti mọ̀ ọ́n gùn, Raptor 700R ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kò yẹ kó sún mọ́ ọn, agbára yẹn pọ̀ jù fún ẹni tí ara ẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sún síwájú. Àwọn cc 400 ló bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu. Honda TRX400EX tó jáde ní 1999 jẹ́ cc 397, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lára, kábúrétọ̀ ló ń lò. Suzuki LT-Z400 jáde ní 2003, cc 398, omi ló ń tù ú lára, ó sì yára ju Honda yẹn lọ. Kawasaki KFX400 àti Suzuki yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú, àwọ̀ ló yàtọ̀, èyí tí wọ́n bá rí tó dáa jù nínú méjèèjì ni kí wọ́n mú.

Tí agbára ìsàlẹ̀ ò bá tó, ọ̀nà kan wà tí kì í ná èèyàn lówó púpọ̀, ìyẹn pípààrọ̀ sprocket, irin eléyín tí ṣéènì ń gbà kọjá. Ká ní tiwájú ní eyín 14, tẹ̀yìn ní 38, tí tiwájú bá yí lẹ́ẹ̀mẹta tó dín díẹ̀ (2.71) ni tẹ̀yìn máa yí lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá fi eyín 13 síwájú, ó di 2.92. Ìfà ẹ̀ á pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, eré tó lè sá jù á sì dín kù níwọ̀n yẹn náà, ìyẹn ò sì dun ẹnikẹ́ni tó ń lọ sórí òkè Ìrágbìjí torí kò sí ibi tó fẹ́ sáré dé níbẹ̀. Kí wọ́n tó máa ronú pé kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí.

Ó wá kan bí òkè gígùn ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí ATV bá dojú kọ òkè, ìwúwo ẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn. Ìyẹn dáa lápá kan, torí táyà ẹ̀yìn tó ń fà á rí ilẹ̀ dì mú. Ṣùgbọ́n iwájú á fúyẹ́, hándù ò ní fi bẹ́ẹ̀ darí mọ́, tí iná bá sì pọ̀ lójijì, iwájú á gbéra ńlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á dànù sẹ́yìn lé ẹni tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gùn ún fi gbọ́dọ̀ dìde, kó fi àyà sún mọ́ hándù, bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè ṣe máa ń tẹ̀ síwájú. Ìdí kan náà ló fà á tí àyè láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn fi ṣe pàtàkì. Èyí tó gùn kì í tètè gbéra, àwọn tó ń fi ATV gun òkè yanrìn nílẹ̀ òkèèrè tiẹ̀ máa ń fa apá ẹ̀yìn ẹ̀ gùn sí i, àmọ́ èyí tó bá ti gùn bẹ́ẹ̀ ò ní lè yí láàárín igi kòkó méjì. Fún ọ̀nà tiwa, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe ti kọ́ńpìnnì wá.

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín òkè ńkọ́? Ibí lèèyàn ti ń fara pa jù. Tó bá ti ń yí padà sẹ́yìn, bíréèkì iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, kí ara ṣì tẹ̀ síwájú, torí tí wọ́n bá tẹ tẹ̀yìn mọ́lẹ̀ lójijì nígbà tó ń padà sẹ́yìn, ó lè dojú dé. Tó bá ti dúró, kí wọ́n fi tẹ̀yìn kún un, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lápá òkè, kí wọ́n má gbìyànjú láti yí i padà níbi tí wọ́n jókòó sí. Tí wọ́n bá sì ń bọ̀ nísàlẹ̀, inú gíà kékeré ni kó wà, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á sẹ́yìn. Àṣà kí wọ́n yọ gíà kó máa yí lọ láti fi dá epo sí, èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, ikú ni lórí òkè, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹ̀ pátápátá.

Rìfáàsì náà wà níbẹ̀. Raptor 700R ní in, LT-Z400 ní in, TRX400EX bẹ̀rẹ̀ sí ní in látọdún 2005, YFZ450R ò ní in rárá. Lórí pápá kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀. Nínú igbó tí imú ATV ti wọ àárín igi àti òkúta, ẹni tí ò ní rìfáàsì máa sọ̀ kalẹ̀ fọwọ́ fà á ni, ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba kìlógíráàmù ni.

Fífẹ̀ ẹ̀ ńkọ́, Raptor fẹ̀ tó ínṣì 46, YFZ450R fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 49. Èyí tó fẹ̀ kì í tètè ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, èyí tó mọ níwọ̀n ló ń kọjá láàárín igi. Lójú ọ̀nà oko wa tí ọ̀kadà nìkan ti ń gbà tẹ́lẹ̀, 46 gan-an ti ń há. Irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kò sí dífúrẹ́ńṣà, tí ọ̀kan bá yí ìkejì á yí, ìyẹn ló jẹ́ kó lágbára lórí òkè tí táyà kan bá gbéra, òun náà ló sì ń jẹ́ kó ṣòro láti yí kọ́nà àfi kí ẹ̀yìn yọ̀ díẹ̀. Torí ẹ̀ ni kì í fi í ṣe nǹkan orí títì, ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ ní píkọ́ọ̀pù tó máa gbé e dé ìdí òkè.

Àwọn kan á ní ṣe bí èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló dáa jù fún òkè. Can-Am Renegade wà bẹ́ẹ̀, eré náà ni wọ́n ṣe é fún, ọtọmátíìkì ni, bẹ́líìtì ló ń lò. Ó ń gòkè lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi níbẹ̀ lé ní 300 kìlógíráàmù, tó bá ṣubú lé èèyàn lórí àpáta, ẹnì kan ò lè gbé e kúrò.

Táyà ló kù tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ inú táyà ATV eléré kì í ju nǹkan bíi psi 4 sí 5 lọ, ti ọ̀kadà lé ní 25. Afẹ́fẹ́ tó kéré yẹn ló ń jẹ́ kí táyà rọ̀ mọ́ òkúta. Tí wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó fún un ní 20 bó ṣe ń ṣe fún ọ̀kadà, táyà á le koko, á máa ta lórí gbogbo òkúta, ẹni tó gùn ún á sì máa bínú sí ṣọ́ọ̀kì tí ò ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n ra géèjì tó ń ka nọ́ńbà kékeré.

Ẹrù tó kù ni títọ́jú ẹ̀ ní Òṣogbo, òun gan-an ló yẹ kó fa ẹlòmíì sẹ́yìn kó tó náwó. Mẹkáníìkì ọ̀kadà tó mọṣẹ́ lè tú kábúrétọ̀ Honda 400 fọ̀, kó tò ó padà. Èyí tó ń lo injẹ́kṣọ̀n dípò kábúrétọ̀ nílò bátìrì tó dáa àti pọ́ǹpù epo, tí epo ìdọ̀tí bá wọ ibẹ̀, wàhálà ni. Ẹ́ńjìnnì YFZ450R tún ń fún epo pọ̀ gan-an nínú, Yamaha sì ní kí wọ́n máa fi petrol premium sí i, bẹ́ẹ̀ irú petrol kan ṣoṣo ló wà nílé epo wa púpọ̀. Ṣéènì tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 520 ni àwọn ATV yìí ń lò, ti ọ̀kadà jẹ́ 428, torí náà kí wọ́n má retí pé àwọn á rí i nídìí iṣẹ́ ọlọ́kadà, kí wọ́n ra ọ̀kan sílẹ̀ láti Èkó. Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ pupa máa ń dí fíltà afẹ́fẹ́ kíákíá, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ọ́ìlì fíltà pa á lára, torí eruku tó bá kọjá síbẹ̀ ló ń jẹ písítìnnì.

Tókùnbọ̀ lọ̀pọ̀ máa rà. Kí wọ́n gbé iwájú ẹ̀ sókè, kí wọ́n fọwọ́ mi táyà sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí bíárìn ti jẹ nìyẹn. Kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí wọ́n ti jó irin férémù pọ̀, ẹni tó ti fi í fò dáadáa á ti là á níbì kan. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó sítáàtì ẹ̀, ẹni tó bá ti mú un gbóná sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, ó ní ìdí.

Ibi tí wọ́n máa gùn ún sí náà wà lára ohun tí wọ́n ń yàn. Igbó Ọ̀ṣun ò sí nínú ẹ̀ rárá, ibi mímọ́ ni, UNESCO sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ lára ogún àgbáyé láti 2005. Ọ̀nà oko tó lọ sórí àwọn òkè yẹn ní ẹni tó ni ín, ebè iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n lọ bá baálẹ̀ àti àwọn tó ń dáko níbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ariwo wọ̀ ọ́. Owó hẹ́lmẹ́ẹ̀tì tó bo ojú àti ẹnu, bàtà tó ga dé ojúgun, ìbọ̀wọ́, àti ohun tí wọ́n ń wọ̀ sáyà àti ẹ̀yìn, kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bèèrè iye ATV fúnra ẹ̀, tí ohun tó kù ò bá wá tó Raptor mọ́, kí wọ́n ra cc 400.