Ibi tí 18 ti ń wá nínú 6x² + 11x + 3

Pípín x² + 7x + 12 sí àkámọ́ méjì kò ṣòro: nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 7, tí ìlọ́po wọn sì jẹ́ 12, ni 3 àti 4, àkámọ́ méjì náà sì ni (x + 3)(x + 4). Ìdàrúdàpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nọ́ńbà bá dúró níwájú x², bí i ti 6x² + 11x + 3. Wọ́n á ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama fi 6 lọ́nà 3, kí ó wá nọ́ńbà méjì láti inú 18, láìsọ ìdí rẹ̀ fún un, bí ẹni pé oògùn ni. Kì í ṣe oògùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo oko onígun mẹ́rin kan lẹ́bàá Kabba, tí òró rẹ̀ jẹ́ 3x + 1, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 2x + 3. Bí àgbẹ̀ bá na okùn kan níbi tí 3x parí sí lójú òró, tí ó sì na òmíràn níbi tí 2x parí sí lójú ìbú, ilẹ̀ náà yóò pín sí mẹ́rin: iṣu gba 6x², kajú gba 9x, ẹ̀gẹ́ gba 2x, ọkà bàbà sì gba 3 ní igun kékeré. Iṣu àti ọkà bàbà dojú kọra láti igun sí igun, bẹ́ẹ̀ náà ni kajú àti ẹ̀gẹ́. Ìlọ́po ìwọ̀n iṣu àti ọkà bàbà jẹ́ 18x². Ti kajú àti ẹ̀gẹ́ náà jẹ́ 18x². Wọn kò lè yàtọ̀, nítorí pé 3x, 1, 2x àti 3 kan náà ni ó para pọ̀ di ìlọ́po méjèèjì. Ibẹ̀ gan-an ni 18 ti wá.

11x àárín ni kajú àti ẹ̀gẹ́ tí a ti dà pọ̀, iṣẹ́ wa sì ni láti yà wọ́n padà. Nínú àwọn nọ́ńbà méjì-méjì tí ìlọ́po wọn jẹ́ 18, 1 àti 18 ròpọ̀ di 19. 3 àti 6 di 9. 2 àti 9 nìkan ni ó di 11. Nítorí náà, 6x² + 9x + 2x + 3 di 3x(2x + 3) + 1(2x + 3), èyí tí í ṣe (3x + 1)(2x + 3).

Ohun tí ó wuyì jù nínú ọ̀nà yìí ni pé àwárí náà lópin. Nínú 6x² + 10x + 3, kò sí méjì nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn tí ó ròpọ̀ di 10, nítorí náà kò sí àkámọ́ méjì olódidi nọ́ńbà tí ó lè bí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa méfò kò ní mọ̀ bóyá kò sí ìdáhùn ni, tàbí òun ni kò tíì wá a tó.