Bí Ìbọ̀wọ́ Ṣe Di Bíréèkì Lójú Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọwọ́ lásán ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ dé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìbọ̀wọ́ longboard lónìí ló ń wò ó bí aṣọ, bóyá ó bá àwọ̀ akoto àwọn mu. Aṣọ kọ́ ni. Bíréèkì ni. Pátákó gígùn ni longboard, táyà mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní bíréèkì kankan lára. Tó bá ti sáré débi pé ẹsẹ̀ ò ṣeé fi wọ́ ilẹ̀ mọ́, ohun tó kù fún ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni kó dá pátákó náà ní ìdábùú, kí táyà máa yọ̀ lórí títì dípò kó máa yí. Ọwọ́ tó fi ti ilẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣubú nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960, táyà amọ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ skateboard, ìyẹn pátákó onítáyà tí longboard jẹ́ irú rẹ̀ kan. Kì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó láti dá a dúró gbagidi, kí ẹni tó gùn ún sì fò síwájú. Ìwọ̀nba ni eré téèyàn lè fi irú rẹ̀ sá lójú òkè. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 bẹ̀rẹ̀, Frank Nasworthy rí táyà urethane, ike kan tó ń rọ̀ bíi rọ́bà, nílé iṣẹ́ kan ní Virginia, tí wọ́n ń ṣe é fún bàtà onítáyà. Ó gbé e lọ sí California, ó ń tà á lórúkọ Cadillac Wheels. Urethane di títì mú, ó sì ń gun òkúta wẹ́wẹ́ kọjá. Bí òkè ṣe ṣí sílẹ̀ fún àwọn eléré nìyẹn. Wàhálà tuntun tún bá a wọlé: eré ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Inú òkun ni àṣà kí èèyàn fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ti wá. Larry Bertlemann, ọmọ Hawaii, máa ń lóṣòó lórí pátákó tó fi ń gun ìgbì, á wá na ọwọ́ kan ògiri omi bó ṣe ń yí. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ eléré skateboard Zephyr ní Santa Monica, tí ayé mọ̀ sí Z-Boys, gbé e wá sórí títì. Wọ́n á lóṣòó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n á sì yí pátákó ká ọwọ́ náà. Orúkọ Bertlemann ni wọ́n fi pè é títí dòní: Bert. Wọ́n gbé e lọ síbi ìdíje Del Mar lọ́dún 1975, ẹnu sì ya àwọn tó wá wòran. Àmọ́ omi kì í bó èèyàn lọ́wọ́; ọ̀dà títì ń bó o.

Lọ́dún 1975 yìí kan náà, ìdíje eré sísá bẹ̀rẹ̀ ní Signal Hill, nítòsí Long Beach. Tààrà ni wọ́n ń sáré sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá yá jù ló gbégbá orókè. Ìjàǹbá ló pa ìdíje náà. Ti 1978 ni wọ́n ṣe kẹ́yìn.

Lójú tèmi, ohun tó ń lọ ní Berkeley, lókè lọ́hùn-ún níhà àríwá, ju ti Signal Hill lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èrò ìwòran níbẹ̀. Títì àdúgbò ibẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti orí òkè wá sílẹ̀. Cliff Coleman, tó ń gun pátákó níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, sọ yíyọ̀ di ọ̀nà ìdín-eré-kù. Ẹ wò bó ṣe ń lọ. Eléré á kọ́kọ́ yà sí ìhà kan, á wá yí padà sí ìhà kejì, á tẹ orúnkún, á sì fi ọwọ́ oníbọ̀wọ́ ti ilẹ̀. Ìwọ̀n ara rẹ̀ á bọ́ sórí ọwọ́ díẹ̀, ẹrù á fúyẹ́ lórí táyà, táyà á sì jọ̀wọ́ títì. Wọ́n á máa yọ̀ lọ báyìí títí eré á fi rọlẹ̀, ọwọ́ kejì á wá ju èjìká padà, pátákó á tún kọjú síwájú. Coleman slide ni wọ́n ń pè é. Ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tó ń kọ́ eré yìí níbikíbi tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Awọ ìbọ̀wọ́ lásán, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń wọ̀, kò lè bá irú iṣẹ́ yìí dọ́jọ́ alẹ́. Awọ ń di títì mú nígbà tó yẹ kó yọ̀, kì í sì í pẹ́ lu. Ohun tí wọ́n ń wá ni nǹkan tó le, tó ń yọ̀, tí kò sì wọ́n. Ilé ìdáná ni wọ́n ti rí i: pátákó oníke funfun tí wọ́n fi ń gé ẹran. Polyethylene líle ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tí Karl Ziegler ṣàwárí ọ̀nà ṣíṣe rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1953. Àwọn eléré ń gé e róbótó bí ìdérí ife, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́ oníṣẹ́. Puck ni wọ́n ń pè é.

Kí ló ń so ó mọ́ ọwọ́? Ọmọ ìyá èèmọ́ ni. Lọ́dún 1941, George de Mestral, ará Switzerland, rí i bí èso igbó ṣe lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ àti irun ajá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ ìwògíńgín wo ìkọ́ kékeré tó wà lára rẹ̀. Ohun tó rí ló di Velcro, aṣọ oníkọ̀ọ́ wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra tó sì ṣeé fà já, tó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1955. Ibi tí ọgbọ́n ìbọ̀wọ́ yìí pọ̀ sí jù nìyí: ohun tó ń jẹ ti yà kúrò lára ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Puck tó bá tán, ẹ fà á já, ẹ lẹ òmíràn. Ìbọ̀wọ́ yín ṣì wà.

Ooru ni ọ̀tá ike. Polyethylene ń yọ́ ní nǹkan bí 130°C, Delrin, ike líle mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe puck, ní nǹkan bí 175°C. Ìdí kan nìyẹn tí Delrin fi ń pẹ́ ju ike ìgéran lọ. Ilé ìdáná tún ran àwọn eléré lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì: Corian, tí ilé iṣẹ́ DuPont ṣe ní 1967 fún orí tábìlì ilé ìdáná, kì í yọ́ bí ike. Ó ń dún kíkan lórí ọ̀dà, àwọn eléré sì ń fi ìyókù rẹ̀ gé puck.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọjà, ẹ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti rán Velcro mọ́ awọ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Okùn tó yí i ká gbọ́dọ̀ ki. Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó, torí ooru ń tú u. Kí ìbọ̀wọ́ fún ọrùn ọwọ́ dáadáa, kó má yí nígbà tí ilẹ̀ bá fà á. Kí puck bo ìdí àtẹ́lẹwọ́, torí ibẹ̀ ni ìwọ̀n ara ń bọ́ sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kó ra èyí tó nípọn, torí yóò gbé ara lé ọwọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ puck náà, ẹ gbé e dání kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ jù ni ọwọ́ yín ń wó sí.