Ẹ Yé Lámínéètì Ìwé Ìjọ Mọ́

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú ìwé àtijọ́, Kàlàbá ni mo sì ti ń ṣe é. Ó bá ku oṣù kan kí ìjọ ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rántí mi, wọ́n á ní ká wá kọ ìtàn. Mo bá béèrè ìwé sẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìwé ìpàdé àwọn alàgbà ìjọ, wọ́n gbé fọ́tò àwọn pásítọ̀ lé mi lọ́wọ́!

Ìjọ Presbyterian ni kò yẹ kó wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ tì, torí àwọn alàgbà pẹ̀lú òjíṣẹ́ ló jọ ń darí ìjọ, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò lé, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà sídìí oúnjẹ Olúwa wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n dá dúró torí ìyàwó kejì wà níbẹ̀.

Ẹ wo Creek Town, ìlú kékeré etí odò tó wà lápá ibí. Hope Waddell, oyìnbó míṣọ́nnárì ìjọ Presbyterian, àtàwọn tí wọ́n jọ ti Jàmáíkà wá gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní 1846. Ìwé ayẹyẹ á ní oyìnbó wàásù, gbogbo ìlú sì yí padà. Irọ́ o! Eyo Honesty Kejì, ọba Creek Town, fúnra ẹ̀ ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un, ọba yẹn ò sì ṣèrìbọmi títí tó fi kú ní 1858. Ó di 1853 kí wọ́n tó ṣèrìbọmi fún Esien Esien Ukpabio, ẹni àkọ́kọ́ ní Kàlàbá, òun náà ló di òjíṣẹ́ ní 1872. A mọ púpọ̀ nínú gbogbo èyí torí Waddell ń kọ nǹkan sílẹ̀, ìwé ìrántí ẹ̀ ṣì wà ní Edinburgh dòní.

Ó wá kan lámínéètì, ìyẹn nylon tí wọ́n ń fi iná lẹ̀ mọ́ ìwé. Gílúù ló wà lára nylon yẹn, iná á yọ́ ọ wọnú bébà lọ, ó sì ṣòro gan-an láti ṣí i mọ́ kí ìwé má ya. Púpọ̀ nínú bébà àtijọ́ ní ásíìdì tó ń jẹ ẹ́ nínú, ẹ tún wá sé e mọ́bẹ̀. Sẹ́lótéèpù náà, ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ á dà bí ibi tí tíì dà sí. Ẹ fi fóònù ya ìwé yín ní fọ́tò lójú ewé lójú ewé, kí ẹ kó o sínú páálí mímọ́, kó jìnnà sílẹ̀ àti ilé ìdáná. Èwo ló ṣòro níbẹ̀?

Ìjọ abúlé kan ni wòlíì kan wá ṣe ìsọjí fún, ó ní orúkọ òkú tó wà nínú rẹ́jísítà ni ò jẹ́ kí ìjọ gbòòrò. Wọ́n sì sun ún! Orúkọ àwọn bàbá wọn o. Ìdajì tí catechist, olùkọ́ ìjọ, rí gbé sá, àwọn ọ̀dọ́ lọ lámínéètì ẹ̀. Kọ̀mítì wá háyà ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní òǹkọ̀tàn, ó bá wọn pilẹ̀ ọdún tí wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ látorí ara ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára àǹkárá. Ìgbà tí mo ka ojú ewé tó ṣẹ́ kù, wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọmọ mẹ́rin ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ọdún ara aṣọ yẹn. Mo fi han alága kọ̀mítì, ó wò ó títí, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àǹkárá ti délé, ṣé ẹ ò lè bá wa tún ọdún inú ìwé yẹn ṣe ni.